Bí màmá àgbà ṣe lè fúnra rẹ̀ kó àwọn ọmọ-ọmọ lọ sí etí òkun North Berwick

Bí ẹ bá rí màmá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé sí Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ bi í pé kí ló rí níbẹ̀. Bó bá máa sọ òótọ́ fún yín, ilé ìdáná ọmọ rẹ̀ ló rí, àti yàrá tí wọ́n fi í sí, àti fèrèsé tó ń gbà wo òjò. Oṣù mẹ́fà gbáko! Èmi náà ò yàtọ̀ nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin ní Edinburgh. Mo wẹ ọmọ, mo se ọbẹ̀ kún inú fìrísà, mo wọ bàálù padà wálé. Ìgbà kejì ni mo bi ara mi pé, ìwọ Tísà tó máa ń kó ogójì ọmọ lọ wo Èrèdò, yàrà àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tó sì ń kó ogójì padà, ṣé ọmọ méjì ló wá fẹ́ dẹ́rù bà ọ́?

Àwọn ẹgbẹ́ mi nínú regbẹ́rẹgbẹ́ wa, ẹgbẹ́ àwa tí ọjọ́ orí wa súnmọ́ra, ni mo ń kọ èyí fún. Mẹ́ta nínú wọn ló ń lọ kí ọmọ ní Scotland lọ́dún yìí, wọ́n sì ti da ìbéèrè bò mí ní ìsọ̀ gàrí mi ní Òkè-Ajé débi pé oníbàárà ń dúró, mi ò rójú wọn gbọ́. Ó sàn kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá wà ní Edinburgh tàbí ìtòsí ibẹ̀ ló máa wúlò fún jù.

Wọ́n á sọ fún yín pé Edinburgh ní etí òkun tirẹ̀, Portobello, pé bọ́ọ̀sì tó ń lọ síbẹ̀ pọ̀. Òótọ́ ni. Síbẹ̀ North Berwick, ìlú kékeré kan létí òkun, ni kí ẹ lọ, ìdí mi kì í sì í ṣe ti ẹwà. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin ti ń parí ìrìn. Kò sí ibi tó ń lọ mọ́. Ẹni tó bá sùn lọ, wọ́n á jí i. Ẹni tí kò bá gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ ń kéde nínú ọkọ̀, kò lè ṣèèṣì kọjá ibi tó ń lọ. Èmi tí mo fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ fún ọgbọ̀n ọdún, mi ò gbọ́ ìdajì Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará ibẹ̀, nítorí náà ẹ má jẹ́ kójú tì yín.

Ibùdókọ̀ tí ẹ ti máa wọ̀ ọ́ ni Waverley, láàárín ìgboro Edinburgh. Ibẹ̀ fẹ̀ bí ọjà. Ẹ wo pátákó tó ń tan iná tí wọ́n kọ North Berwick sí, ẹ wo nọ́ńbà pèpéle tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì ti dé ní ogún ìṣẹ́jú ṣáájú, torí pèpéle yẹn lè jìnnà sí ẹnu ọ̀nà tí ẹ gbà wọlé. Nínú ọkọ̀, ìrìn náà ò ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lé díẹ̀. Mo kọ orúkọ àwọn ibi tó ti ń dúró sẹ́yìn ìwé kan: Musselburgh, Wallyford, Prestonpans, Longniddry, Drem, lẹ́yìn náà North Berwick. Mo fún ẹ̀gbọ́n ní bírò, pé kó máa fa ìlà sórí èyí tí a bá kọjá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, obìnrin. Ọmọ tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kì í sáré kiri nínú ọkọ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó kéde orúkọ náà sókè. Gbogbo ọkọ̀ ló gbọ́ Prestonpans lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́, nítorí Ìjẹ̀bú ni wá. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kì í sanwó ọkọ̀ ojú irin. Láti márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìdajì ni. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní wákàtí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ síbi iṣẹ́ máa ń san jù, ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹsàn-án 2025 iye kan náà ni láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ sanwó ọmọ rárá, bọ́ọ̀sì wà: 124 ló ń lọ, ó ń gba Gullane kọjá, ó sì ń pẹ́ ju ọkọ̀ ojú irin lọ dáadáa. Gbogbo ọmọ tó ń gbé ní Scotland tí kò tíì pé ọdún méjìlélógún ló ń wọ bọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́ láti oṣù Kìíní 2022, bó bá ní káàdì rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn àgbà tó ti pé ọgọ́ta ọdún náà ní tiwọn, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ni, kì í ṣe èmi àti ẹ̀yin tá a wá kí ọmọ. Mo gbìyànjú rẹ̀. Awakọ̀ náà rẹ́rìn-ín sí mi, mo sì sanwó.

Ìgbà wo ni kí ẹ lọ? Àwọn ọmọ ibẹ̀ máa ń gba ìsinmi gígùn láti ìparí oṣù Kẹfà títí di ìdajì oṣù Kẹjọ. Àkókò yẹn ló dáa jù, torí àwọn ẹyẹ ṣì wà (màá dé orí ẹyẹ), ilẹ̀ kì í sì í tètè ṣú. Ní oṣù Kẹfà, aago mẹ́wàá alẹ́ lè lù kí ojú ọ̀run ṣì mọ́ bíi ti aago mẹ́fà wa níbí. Ìyẹn ń tan ènìyàn jẹ o. Ẹ̀ ń wojú ọjọ́, ẹ̀ ń rò pé ìrọ̀lẹ́ ò tíì lẹ́, àwọn ọmọ ti ń sùn lórí ìdúró. Aago ni kí ẹ máa wò.

Ẹ̀wù mẹ́ta léra wọn ni kí olúkúlùkù wọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ oṣù Keje, bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn ní ilé ọmọ yín. Atẹ́gùn etí òkun yẹn kò mọ̀ pé oòrùn wà. Ìgbà mìíràn, kùrukùru á ti ojú òkun dìde lójijì, wọ́n ń pè é ní haar, á bo gbogbo ìlú bí èéfín ìdáná, òtútù á sì wọlé pẹ̀lú rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn, nítòsí ibùdókọ̀, oòrùn wà. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má bínú, ẹ wọ inú ilé kan kí ẹ mu tíì. Gèlè ò wúlò níbẹ̀. Fìlà onírun ló wúlò. Mo ti sọ.

Bàgì mi nìyí: ẹ̀wù òjò mẹ́ta, sòkòtò kọ̀ọ̀kan fún àwọn ọmọ láti pààrọ̀, aṣọ ìnura kan tó tóbi, omi, gàrí, ṣúgà, ẹ̀pà, ike àti ṣíbí mẹ́ta, ọ̀rá mẹ́rin fún aṣọ tútù àti ìdọ̀tí. Ohun kan tó kù, ilé ẹ̀kọ́ ni mo ti kọ́ ọ. Nígbà tá a bá kó àwọn ọmọ lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ láti lọ wo ilé Olóyè Awólọ́wọ̀ àti ibi tí wọ́n sin ín sí, ilé ẹ̀kọ́ mìíràn lè wà níbẹ̀ tó wọ yunifọ́ọ̀mù bíi tiwa, ni mo bá máa ń so ìrépé aṣọ kan náà mọ́ apá ọmọ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kù lára ankara tí ẹgbẹ́ wa fi ṣe Ojúde Ọba ni mo gé lọ sí Scotland. Mo so ó mọ́ bàgì ẹ̀yìn ọmọ méjèèjì. Lórí iyanrìn yẹn, gbogbo ọmọ ló wọ ẹ̀wù òjò aláwọ̀ búlúù tàbí píńkì. Àwọn tèmi nìkan ló gbé osùn àti àwọ̀ ewé Ìjẹ̀bú sẹ́yìn. Láti ọ̀nà jíjìn ni mo ti ń rí wọn. Nọ́ńbà fóònù ìyá wọn wà lórí ìwé nínú àpò wọn pẹ̀lú.

Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀, ẹ ka orí wọn. Ẹ rẹ́rìn-ín pé méjì péré ni, ṣùgbọ́n ẹ kà á. Láti ibùdókọ̀ dé etí òkun, bí ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ilẹ̀ sì ń dà sísàlẹ̀ wẹ́rẹ́. Ẹ rántí pé sísàlẹ̀ ní lílọ ni òkè ní àbọ̀. Kí ẹ tó tẹ iyanrìn, ẹ wá ibi ìgbọ̀nsẹ̀. Ọmọ tó ní òun ò tọ̀ nígbà tí ibi ìtọ̀ wà nítòsí ni yóò tọ̀ nígbà tí kò sí.

Etí òkun méjì ló ní, ọ̀kan ní ìwọ̀-oòrùn, ọ̀kan ní ìlà-oòrùn, èbúté àti àpáta kan ló là wọ́n láàárín. Èyí tó wà ní ìlà-oòrùn ni kí ẹ mú àwọn ọmọ kéékèèké lọ. Wọ́n mọ ògiri kékeré yí omi kan ká níbẹ̀, òkun fúnra rẹ̀ ló ń wọ inú rẹ̀ nígbà tó bá kún, bó bá sì fà, omi díẹ̀ á kù sínú rẹ̀ tí ọmọ lè máa fi ẹsẹ̀ bẹ́ nínú rẹ̀. Kò ní ìgbì. Ìyá àgbà lè jókòó lórí ògiri. Omi náà tutù, ó tutù débi pé mo ti ìka ẹsẹ̀ mi bọ̀ ọ́, mo sì pe orúkọ bàbá mi. Àwọn ọmọ ò tilẹ̀ mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kí òkun kún kí òkun fà yìí, ẹ jẹ́ n dúró lé e, torí pé ó ná mi ní nǹkan. Àwa tí a mọ omi Ẹ̀pẹ́, a mọ ọ̀sà. Ọ̀sà á wà níbi tó wà láàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò ló ń yí i. Òkun tiwọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló ń kún, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń fà, kì í sì í ṣe díẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí a dé, òkun ti fà lọ jìnnà, iyanrìn tẹ́ lọ rẹrẹ, àpáta yọrí síta pẹ̀lú kòtò kéékèèké tí omi kù sí. Inú kòtò wọ̀nyẹn ni akàn wà, àti ìgbín òkun tó lẹ̀ mọ́ òkúta. Mo bọ́ sálúbàtà mi, awọ gidi, èyí tí wọ́n rán fún mi nílé, mo tò ó sórí iyanrìn létí àpáta kan, mo gbé bàgì sórí àpáta náà, mo sì tẹ̀lé àwọn ọmọ. Àbúrò rí akàn kan tí kò tóbi ju éékánná mi lọ. Ó ní kí n wò ó. A bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ń wò ó. Akàn náà ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn, ó dúró, ó gbé ọwọ́ kan sókè sí wa bí ẹni tó ń bá wa jà. Àbúrò gbé ọwọ́ tirẹ̀ náà sókè. Bí wọ́n ṣe ń dẹ́rù ba ara wọn nìyẹn, n ò mọ iye ìṣẹ́jú. Ìgbà tí mo gbójú sókè, omi ti yí àpáta tí bàgì wà lórí rẹ̀ ká. Kò pariwo, kò ru. Ó kàn wọlé ni. Mo ká ìró dé orúnkún, mo gbé bàgì. Sálúbàtà kan ń léfòó lọ́ọ̀ọ́kán, mo mú un. Èkejì ti lọ sí Norway.

Ibọ̀sẹ̀ ni mo wọ̀ rìn dé ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ra bàtà rọ́bà. Iye tí wọ́n gbà, n kì í sọ ọ́ létí ọmọ ẹgbẹ́.

Nítorí náà: kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ ní kí ọmọ yín wo àkókò tí òkun máa kún àti ìgbà tó máa fà ní North Berwick lọ́jọ́ yẹn, ó wà lórí fóònù. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Wákàtí méjì ṣáájú ìgbà tó máa fà tán ni kí ẹ dé orí àpáta, torí ẹ mọ̀ pé omi ń lọ ni, kò bọ̀. Nígbà tó bá ti ń bọ̀, kí ẹ ti wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ pẹ̀lú oúnjẹ lọ́wọ́. Ẹrù yín kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀ nísàlẹ̀ ibi tí koríko òkun dúdú tò sí lórí iyanrìn. Ibi tí koríko yẹn wà ni omi dé kẹ́yìn.

Oúnjẹ wá. Ẹja díndín àti ọ̀dùnkún díndín ni oúnjẹ etí òkun wọn, ẹja haddock ni wọ́n sì fẹ́ràn jù ní Scotland. Wọ́n á fi ìyẹ̀fun pò ó, wọ́n á dín in títí yóò fi le lẹ́yìn, tí inú rẹ̀ á funfun rọ̀. Ẹ má ra mẹ́ta. Ọ̀kan tó àgbà kan àti ọmọ méjì. Ní agbègbè Edinburgh, ẹni tó ń tà á á bi yín ní ọ̀rọ̀ kan tó dà bí ọ̀kan ṣoṣo: iyọ̀ àti sọ́ọ̀sì ni ó ń wí. Mo ti rò pé ata ni sọ́ọ̀sì náà, mo ní kó bù ú dáadáa. Kíkan ni, bí ọtí kíkan. Ẹ gbé ata gígún yín dání.

Gàrí ni mo fi jẹ tèmi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Gàrí Ìjẹ̀bú, èyí tó kan tó sì kúná, nínú ike, omi ẹ̀rọ wọn tó tutù bí ẹni pé inú fìríìjì ló ti ń ṣàn wá, ṣúgà díẹ̀, ẹ̀pà, kí ẹ wá bu ẹja gbígbóná yẹn lé e. Ẹni tó bá ti fi ẹja díndín mu gàrí lọ́sàn-án mọ ohun tí mò ń wí, àfi pé ti lọ́jọ́ yẹn, òkun wà níwájú mi. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣọ́ra fún: ẹ kọ ẹ̀yìn sí atẹ́gùn kí ẹ tó ṣí ọ̀rá gàrí. Èmi kọjú sí i. Ọkùnrin òyìnbó kan tó jókòó lẹ́yìn wa ń gbọn nǹkan funfun kúrò lára ajá rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Àwọn ẹyẹ etí òkun tún wà, àwọn funfun alápá eérú tí wọ́n tóbi tó àkùkọ. Olè ni wọ́n. Wọ́n kì í bẹ̀bẹ̀ bí ewúrẹ́, ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà wá. Ọ̀kan já ẹja gbà lẹ́nu ẹ̀gbọ́n, ní tòótọ́, lẹ́nu rẹ̀, bó ṣe fẹ́ gé e jẹ. Ọmọ náà kò tilẹ̀ tètè sunkún, ó kàn ń wo ọwọ́ rẹ̀ tó ṣófo. Kí ẹ fi ẹ̀yìn ti ògiri bí ẹ bá ń jẹun, kí ẹ sì fi àwọn ọmọ sáàárín. Ẹ má ju ọ̀dùnkún kan sí ẹyẹ, bó ti wù kí ọmọ bẹ̀ yín tó. Bí ọ̀kan bá rí i, gbogbo ẹbí rẹ̀ ti dé.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni kí ẹ lọ wo ẹyẹ tó tọ́ kí ènìyàn sanwó wò. Ilé kan wà lẹ́bàá èbúté, Scottish Seabird Centre, ọdún 2000 ni wọ́n ṣí i. Láti ibẹ̀, bí kò bá sí kùrukùru, ẹ̀ ń rí òkúta gàgàrà kan láàárín òkun, orí rẹ̀ funfun bí ẹni pé wọ́n da ẹfun sí i. Bass Rock ni. Ó ga ju ọgọ́rùn-ún mítà lọ, ilé iná tí ń júwe ọ̀nà fún ọkọ̀ ojú omi wà lára rẹ̀ láti 1902. Ẹfun tí ẹ̀ ń wò yẹn, ẹyẹ ni, àti ìgbẹ́ ẹyẹ. Gannet ni orúkọ wọn. Ó wà lára àwọn ibi tí agbo wọn ti pọ̀ jù lọ ní gbogbo ayé. Ní 2014, wọ́n ka ibi ìtẹ́ tó lé ní 75,000, akọ àti abo sì ni ní ìtẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àrùn ẹyẹ tó jà ní 2022 pa púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n òkúta náà ṣì funfun. Láti nǹkan bí oṣù Kejì ni wọ́n ti ń dé, oṣù Kẹwàá ni wọ́n ń lọ.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ilé yẹn fún ọmọ ni kámẹ́rà tí wọ́n gbé sórí òkúta náà. Ọmọ á jókòó sínú ilé, ní ibi tó móoru, á di ọ̀pá kékeré kan mú, á máa darí kámẹ́rà tó wà lórí òkun kiri, á máa fà á súnmọ́ ẹyẹ. Àbúrò rí ọmọ ẹyẹ kan tó ní irun funfun wúkẹ́wúkẹ́, tí ìyá rẹ̀ ya ẹnu fún, ọmọ náà sì ti gbogbo orí bọ ọ̀fun ìyá láti jẹ ẹja. Ó yíjú sí mi. Ó ní, “Ìyá Àgbà, ṣé bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe fún Mọ́mì?” Mo ní ẹ̀kọ ni mo fún un, pẹ̀lú ọwọ́.

Ọkọ̀ ojú omi wà tó ń gbé ènìyàn lọ yí òkúta náà ká. Ẹ béèrè ọjọ́ orí ọmọ tí wọ́n ń gbà kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì mọ̀ pé bí atẹ́gùn bá le, ọkọ̀ kì í jáde. Lọ́jọ́ kejì tí a lọ, a wọ̀ ọ́. Ní ìtòsí òkúta, òórùn rẹ̀ kọ́kọ́ pàdé wa, bí ilé adìyẹ tí wọn ò kó ìdọ̀tí rẹ̀ fún ọdún kan. Lẹ́yìn náà ariwo. Lẹ́yìn náà a rí wọn lókè orí wa, apá wọn nà tó gíga ọkùnrin, wọ́n á dúró lójú òfuurufú, wọ́n á wo ìsàlẹ̀, wọ́n á ká apá mọ́ra, wọ́n á sì já bọ́ sínú omi bí òkò. Ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ kò sọ̀rọ̀. Ẹni tí inú rẹ̀ máa ń rú nínú dáńfó, kó má dán ọkọ̀ náà wò. Atalẹ̀ tí mo jẹ lẹ́nu ló gbà mí.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹyẹ yẹn gan-an ni àlàpà ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan wà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọjá. Ẹ dúró díẹ̀. Ní 1590, ìjì dá ọba wọn, James kẹfà, láàmú lójú òkun nígbà tó ń mú ìyàwó rẹ̀ bọ̀ láti Denmark, ni wọ́n bá ní àwọn àjẹ́ North Berwick ló pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn láti rán ìjì sí i. Wọ́n kó ènìyàn púpọ̀, obìnrin ló pọ̀ jù. Agbẹ̀bí kan wà nínú wọn, Agnes Sampson, wọ́n fìyà jẹ ẹ́ títí ó fi jẹ́wọ́, wọ́n sì pa á ní 1591. Òyìnbó tó ń sọ fún wa pé àjẹ́ kò sí! Mi ò sọ èyí fún àwọn ọmọ, àmọ́ mo gbé òkúta kékeré kan sórí ògiri níbẹ̀ fún agbẹ̀bí náà. Ìyá mi náà gbẹ̀bí.

Òkè kan wà lẹ́yìn ìlú tí wọ́n ń pè ní the Law, òkè ayọnáyèéfín ayé àtijọ́ ni, mítà 187 ni gíga rẹ̀. Egungun páárì àbùùbùtán wà lórí rẹ̀ láti 1709. Ti àtijọ́ jẹrà, wọ́n gbé e kúrò ní 2005, èyí tó wà níbẹ̀ láti 2008 jẹ́ àfarawé. Mi ò gun òkè náà. Orúnkún mi kò gbà, ẹ̀yin náà ẹ má gùn ún tí ó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ wà pẹ̀lú àwọn ọmọ. Bàbá wọn ló mú wọn gùn ún ní ọjọ́ mìíràn, wọ́n sì rí àwọn ẹṣin kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń jẹko lára òkè náà. Ẹ̀gbọ́n, tó ti wo fídíò àwọn ẹṣin Ojúde Ọba lọ́dọ̀ mi, ní kí ló dé tí wọn ò wọṣọ fún wọn.

Bí ẹ bá ní ọjọ́ kejì, Tantallon ni kí ẹ fi ṣe é. Ẹ má pa á pọ̀ mọ́ etí òkun ní ọjọ́ kan. Èyí ni àṣìṣe tí àwọn òbí ń ṣe ní ẹ̀skọ́ṣọ̀n, wọ́n fẹ́ kí ọmọ rí gbogbo ayé kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀bì nìkan ni ọmọ á rántí. Tantallon jẹ́ àlàpà ilé olódi ti ìdílé ọlọ́lá kan, àwọn Douglas, láti ọdún 1350 sí 1360 sẹ́yìn lọ́hùn-ún ni wọ́n ti kọ́ ọ, bíi kìlómítà márùn-ún sí ìlú, bọ́ọ̀sì ń lọ. Ọ̀gbun òkun ló ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ògiri gàǹgà kan ṣoṣo ló dí iwájú. Àwọn ọmọ ogun Cromwell, ọ̀gágun ilẹ̀ England, fi ìbọn ńlá fọ́ ọ ní 1651. Iwájú ògiri yẹn ni wọ́n gbẹ́ yàrà sí. Ẹ̀gbọ́n ní yàrà náà jìn o. Mo bá jókòó sórí koríko, mo sọ Èrèdò fún wọn: pé kò jìnnà sí ibi tí mo ń gbé, yàrà kan wà tó gùn ju 160 kìlómítà lọ, ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, pé ibòmíràn nínú rẹ̀ jìn tó 20 mítà, pé ó ti tó bí ẹgbẹ̀rún ọdún tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ, àwọn ará Òkè-Èrì sì ní obìnrin olówó kan láyé àtijọ́, Bílíkísù Ṣùǹgbọ́, ló ni í. Àbúrò wo yàrà Tantallon, ó wò mí. Ó ní kí n má parọ́. Mo ti ṣèlérí fún un pé lọ́dún tí wọ́n bá wá sílé, òun ló máa kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀. Àtẹ̀gùn wà ní Tantallon, tóóró ni wọ́n, wọ́n sì ga. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ dúró.

Ẹni tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ràn bàálù, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bàálù wà ní East Fortune, kò jìnnà, Concorde gidi wà níbẹ̀. A ò lọ. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan sì wà ní School Road nínú ìlú, ọ̀fẹ́ ni, ó dáa fún ìgbà tí òjò bá dé.

Ìpadàbọ̀: ẹ ya fọ́tò pátákó àkókò ọkọ̀ nígbà tí ẹ bá dé láàárọ̀, kí ẹ má baà máa wá a kiri nígbà tí ó bá rẹ̀ yín. Ẹ fi ogójì ìṣẹ́jú gun ìgboro padà, torí àwọn ọmọ á dúró níwájú gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta áísìkiriìmù. Ẹ ra á fún wọn, ó yẹ wọ́n. Ẹ ka orí wọn lórí pèpéle. Àwọn tèmi sùn kí a tó dé Drem, orí ọ̀kan ní itan ọ̀tún, orí ọ̀kan ní itan òsì, mo sì ń run òórùn ẹja láti Longniddry dé Waverley.

Nígbà tí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà ilé, kí ẹ tó kan ilẹ̀kùn, ẹ bọ́ bàtà wọn kí ẹ gbọn ọ́n, ẹ bọ́ ibọ̀sẹ̀, ẹ yí àpò sòkòtò wọn síta. Iyanrìn tó bá wọ kápẹ́ẹ̀tì ọmọ yín ni yóò máa rántí, kì í ṣe ẹyẹ. Bí ẹ bá sì yí àpò ti àbúrò síta, ẹ ṣe é jẹ́jẹ́. Akàn ló wà níbẹ̀.